Ta Ni Ó Ń Fi Ẹnu Ilé-Ẹ̀kọ́ Sọ̀rọ̀?

Àgbà tí ó bá ń rán ọmọdé níṣẹ́ láyé àtijọ́ a máa ní kí ọmọ náà tún iṣẹ́ ọ̀hún sọ kí ó tó jáde nílé. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò gbọ́n. Àgbà mọ̀ pé ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Lónìí, iṣẹ́ tí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ ń rán sí òbí ti kúrò ní èyí tí a ń fi ẹnu ọmọ rán, ó sì ti ń kúrò nínú ìwé pélébé tí a ń fi sínú àpò ọmọ. Orí Facebook, Instagram àti X, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twitter títí di ọdún 2023, ni ó ń gbà lọ. Kí olùkọ̀wé tó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó tún un sọ kí ó tó rán an.

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ti ilé-ẹjọ́ àti ti ilé aṣòfin. Níbẹ̀, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ ni ó ń ṣàkóso ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama. Wọ́n pín ilẹ̀ náà sí ẹkùn ẹ̀kọ́ tí ó tó nǹkan bí 13,000. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni ó ní ìgbìmọ̀ tí àwọn ará ìlú dìbò yàn, ìgbìmọ̀ náà a sì gba ọ̀gá àgbà kan tí yóò máa darí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Owó orí tí àwọn ará àdúgbò ń san lórí ilé àti ilẹ̀ wọn wà lára ohun tí a fi ń gbé e ró. Nítorí èyí, ojú ewé tí ẹkùn ẹ̀kọ́ bá ṣí sórí ayélujára kì í ṣe pátákó oníṣòwò. Ohun gbogbo ènìyàn ni, àmánà sì ni lọ́wọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí lè béèrè pé kí ni ó kan òun nínú rẹ̀. Àwọn ìdílé tí ó ti Èkó, Ìbàdàn àti Ìlọrin lọ gbé ní Houston àti ní Maryland ní ọmọ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, àwòrán àwọn ọmọ náà sì wà nínú àwọn tí à ń tẹ̀ síta.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ti dun ni jù. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìbọn wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Robb ní ìlú Uvalde, ìpínlẹ̀ Texas. Agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú 33 ni ó wọlé. Nígbà tí ó di agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú 43, ìkéde jáde lórí Facebook láti ọ̀dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn pa nítorí ìró ìbọn ní agbègbè náà, àti pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ wà ní àlàáfíà nínú ilé. Ní wákàtí yẹn gan-an, apànìyàn náà ti wà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Agogo méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 17 ni ẹkùn ẹ̀kọ́ tó kéde pé oníbọn wà nínú ilé-ẹ̀kọ́. Agogo kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni àwọn ọlọ́pàá tó wọlé lọ bá a. Ọmọ 19 àti olùkọ́ méjì ni ó kú.

Ìròyìn tí ilé-iṣẹ́ ìdájọ́ ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2024 lórí ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò dá àwọn ọlọ́pàá nìkan lẹ́bi. Ó sọ pẹ̀lú pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jáde sí òbí àti ará ìlú kún fún àṣìṣe, ó sì dá kún ọgbẹ́ ọkàn àwọn ẹbí.

Ẹni tí ó kọ ìkéde àkọ́kọ́ yẹn kò ní láti jẹ́ òpùrọ́. Bóyá ohun tí wọ́n sọ fún un ni ó kọ. Bóyá ó fẹ́ kí ọkàn òbí balẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe náà wà. Ohun tí òbí fẹ́ gbọ́ ni wọ́n kọ, wọn kò kọ ohun tí wọ́n mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà pé ọmọ “wà ní àlàáfíà” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú tí ẹnikẹ́ni lè dédé mú sọ. Ẹ̀rí ni, ẹni tí ó bá sì jẹ́ ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ti rí i. Ó ṣeé ṣe láti kọ ọ́ pé: a ti ti ilẹ̀kùn, a ti pe ọlọ́pàá, ẹ má ṣe wá sí ẹnu ọ̀nà, a ó tún kọ̀wé ní agogo báyìí. Gbólóhùn mẹ́rin náà kò dùn létí, ṣùgbọ́n kò sí irọ́ nínú wọn, òbí tí ó bá sì kà wọ́n yóò mọ̀ pé a kò tíì fi ọmọ òun lé òun lọ́wọ́. Àwọn ẹkùn ẹ̀kọ́ tí ó gbọ́n ti máa ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, nígbà tí orí kò tíì gbóná, kí ó má ṣe jẹ́ pé ọjọ́ ogun ni wọn yóò máa wá ọfà.

Òdìkejì ewu yìí náà wà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, àhesọ kan tàn káàkiri lórí TikTok pé wọn yóò dá ìjàǹbá sílẹ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù náà. Àwọn aláṣẹ ààbò wá a títí, wọn kò rí ewu kan pàtó tí ó ṣeé gbà gbọ́. Síbẹ̀, àwọn ẹkùn ẹ̀kọ́ kan ti ilé-ẹ̀kọ́ wọn, òmíràn pe ọlọ́pàá kún ọlọ́pàá. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ronú lé lórí ni pé ọ̀pọ̀ òbí ni kò gbọ́ nípa àhesọ náà lórí TikTok rárá. Láti inú ìkìlọ̀ tí ẹkùn ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àhesọ tí kò ní ẹsẹ̀ ni aláṣẹ fún ní ẹṣin. Dídákẹ́ kò dára, nítorí òbí tí ó bá ti gbọ́ yóò rò pé wọ́n ń fi ohun kan pamọ́ fún òun. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ohun tí a ti wádìí ni kí ó ṣáájú, kí àhesọ náà fúnra rẹ̀ wá lẹ́yìn, bí ó bá tilẹ̀ yẹ kí a dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ẹni tí ń ṣe àríwísí. Èyí ni ó gbé ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ìtàn rẹ̀ sì yẹ ní sísọ díẹ̀díẹ̀.

Ní ọdún 2014, Michelle O'Connor-Ratcliff àti T.J. Zane díje fún ipò nínú ìgbìmọ̀ ẹkùn ẹ̀kọ́ Poway, ní agbègbè San Diego, ìpínlẹ̀ California. Wọ́n ṣí ojú ewé Facebook láti fi wá ìbò. Wọ́n wọlé, wọn kò sì ti ojú ewé náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ohun tí ìgbìmọ̀ ń ṣe, tí wọ́n ti ń pe ará ìlú sí ìpàdé, tí wọ́n sì ti ń béèrè èrò àwọn ènìyàn. Tọkọtaya kan tí ọmọ wọn wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹkùn náà ní ẹ̀dùn ọkàn lórí ọ̀nà tí ìgbìmọ̀ gbà ń ṣe nǹkan, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Wọ́n kọ̀wé sí abẹ́ ohun tí àwọn aṣojú náà ń gbé jáde, wọ́n sì tún un kọ. Kí òótọ́ má sàá kú, àwọn náà kò mọ ìwọ̀n: ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ àtẹ̀jáde 42 ti arábìnrin náà lórí Facebook, ọkọ sì fi èsì kan náà ránṣẹ́ sí i nígbà 226 lórí Twitter láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí a bá ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ báyìí, inú rẹ̀ kò lè dùn. Àwọn aṣojú náà kọ́kọ́ ń pa ọ̀rọ̀ wọn rẹ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n dí wọn lọ́nà pátápátá. Tọkọtaya náà gba ilé-ẹjọ́ lọ ní ọdún 2017.

Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá àwọn òbí láre ní ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì tì í lẹ́yìn ní ọdún 2022. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ìwé òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ìjọba pa ẹnu ará ìlú mọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó le wà níbẹ̀: ṣé ìjọba ni àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n wà lórí ojú ewé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣí, àbí ará ìlú lásán tí ó ń lé ẹni tí ó ń da ilé rẹ̀ rú? Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ fi ohùn kan dáhùn nínú ẹjọ́ mìíràn tí ó jọ ọ́, ti alákòóso ìlú Port Huron ní Michigan, Onídàájọ́ Amy Coney Barrett ni ó sì kọ ìdájọ́ náà. Wọ́n ní ohun méjì ni kí a wò. Àkọ́kọ́, ṣé ẹni náà ní àṣẹ ní tòótọ́ láti sọ̀rọ̀ lórúkọ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀? Èkejì, ṣé àṣẹ náà ni ó ń lò nígbà tí ó sọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún? Wọ́n wá dá ẹjọ́ Poway padà sí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kí wọ́n fi òṣùwọ̀n tuntun yìí wọ̀n ọ́n.

Àwọn kan ka ìdájọ́ yìí sí ìṣẹ́gun fún aláṣẹ. Ẹni tí ó bá kà á dáadáa yóò rí i pé ẹrù ló dì lé wọn lórí. Ilé-ẹjọ́ náà sọ pé pípa ọ̀rọ̀ ẹyọ kan rẹ́ yàtọ̀ sí dídí ènìyàn lọ́nà: ẹni tí a bá dí lọ́nà kò lè dá sí ohunkóhun mọ́ lórí ojú ewé náà, nítorí náà, bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn àtẹ̀jáde ibẹ̀ bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba, aláṣẹ tí ó dí i lè jẹ̀bi lórí ẹyọ yẹn. Wọ́n tún sọ pé bí aláṣẹ bá kọ ọ́ sórí ojú ewé rẹ̀ gbangba pé ti òun fúnra òun ni, èrò tí ó wúwo yóò wà pé bẹ́ẹ̀ ni, àyàfi tí ẹ̀rí bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó da méjèèjì pọ̀, tí ó ń fi ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ àti ìpàdé ìgbìmọ̀ sí ojú kan náà, òun ni ó ti ọrùn ara rẹ̀ bọ okùn.

Kí wá ni ẹkùn ẹ̀kọ́ yóò ṣe sí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn nígbà 226? Àwọn kan ti pa ààyè ìdáhùn dé pátápátá; wọ́n ń kéde, wọn kò gba èsì. Ìyẹn rọrùn fún òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé tí kò ní fèrèsé ni. Ọ̀nà tí ó sàn ni kí òfin ojú ewé wà ní kíkọ kí ìjà tó dé, kí ó sì fojú kan náà wo ẹni tí ń yìn àti ẹni tí ń bú: èébú aṣa, ìhàlẹ̀, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, ìpolówó ọjà, àtúnkọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà àìníye. Ẹni tí ó bá rú u, kí a mú ọ̀rọ̀ yẹn nìkan kúrò, kí a sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, nítorí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ohun tí ilé-iṣẹ́ ìjọba kọ àti ohun tí ará ìlú kọ sí i lè jẹ́ àkọsílẹ̀ ìjọba tí ẹnikẹ́ni lè béèrè fún. Òbí tí kò rí ẹni dá a lóhùn nínú ìpàdé ni ó sábà máa ń di òbí tí ń pariwo lórí Facebook.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá ti kọ́ àwọn aláṣẹ ní ẹ̀kọ́ lórí èyí. Ní ọdún 2017, ọmọbìnrin kan ní ẹkùn ẹ̀kọ́ Mahanoy ní Pennsylvania, tí wọn kò mú sí ẹgbẹ́ àgbà àwọn oníjó ìwúrí eré ìdárayá, fi ìbínú kọ ọ̀rọ̀ èérí sórí Snapchat ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, níta ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ kékeré tí ó wà fún ọdún kan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, onídàájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ní ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ sọ pé ẹkùn ẹ̀kọ́ náà kọjá àyè rẹ̀. Wọn kò sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára, kò sì dára. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìtọ́jú ẹnu ọmọ ní òpin ọ̀sẹ̀ wà lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Òbí tí ó bá ń yọ̀ sí ìdájọ́ yẹn, iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún un.

Ó wá ku àwòrán ọmọ, èyí tí ó sún mọ́ ilé jù. Láti ọdún 1974 ni òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí a mọ̀ sí FERPA ti ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n fèrèsé kan wà lára rẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́ lè ka àwọn nǹkan bí orúkọ, kíláàsì, àwòrán àti àmì-ẹ̀yẹ sí ohun tí ó ṣeé tẹ̀ síta, bí ó bá ti fi tó òbí létí, tí ó sì fún un ní àyè láti kọ̀. Kì í ṣe pé wọn yóò wá tọrọ àyè lọ́wọ́ òbí. Bí òbí bá dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn. Ìwé ìfitónilétí yìí sì sábà máa ń wà láàárín òkìtì ìwé tí wọ́n ń kó fún òbí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, tí ọ̀pọ̀ kì í kà. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde lórí àtẹ̀jáde bí mílíọ̀nù 18 tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹkùn ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà gbé sórí Facebook. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àtẹ̀jáde tí ó sún mọ́ mílíọ̀nù márùn-ún ni ojú akẹ́kọ̀ọ́ ti hàn kedere, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún sì ní orúkọ ọmọ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ nínú.

Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ kì í dùn nígbà tí wọ́n bá yin ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ, orúkọ rẹ̀, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti aago tí ó ń wọ bọ́ọ̀sì, bí a bá kó wọn sí ojú kan, àlejò ti mọ ibi tí yóò dúró dè é. Èyí kò sí fún ọmọ Mùsùlùmí nìkan, àmọ́ ìdílé tí kò fẹ́ kí àwòrán ọmọbìnrin wọn máa kiri ojú àlejò ní ìdí méjì láti ka ìwé náà. Ó dára kí aṣojú ẹkùn ẹ̀kọ́ ya àwòrán ọwọ́ tí ń kọ̀wé, tàbí ti kíláàsì láti ẹ̀yìn, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tí ọmọ ṣe. Kò sí ohun tí ó dín kù nínú ìròyìn náà. Nílé níbí náà, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ènìyàn tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ní kí a gba àṣẹ òbí kí a tó lo ìsọfúnni ọmọdé, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, tí ilé-kéwú náà wà lára wọn, ń gbé fọ́tò ayẹyẹ wálíмọ̀ sórí ayélujára lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é.

Àwọn ẹkùn ẹ̀kọ́ kan tilẹ̀ ti bá àwọn onílé ọjà náà wọ ìjà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ẹkùn ẹ̀kọ́ Seattle pe àwọn tí ó ni Facebook, Instagram, YouTube, Snapchat àti TikTok lẹ́jọ́ pé wọ́n ń ba ọpọlọ àwọn ọmọ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹkùn ẹ̀kọ́ mìíràn sì tẹ̀lé wọn. Ní ọdún kan náà, Florida ṣe òfin pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba má ṣe fi TikTok polówó ara rẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ eré ìdárayá rẹ̀ mọ́. Ènìyàn lè rẹ́rìn-ín pé ẹni tí ń pe ọlọ́jà lẹ́jọ́ tún ń tẹ́ àtẹ sínú ọjà rẹ̀. Ẹ̀rín náà kò pé, nítorí ibẹ̀ ni àwọn òbí wà. Ohun tí kò bójú mu ni kí ibẹ̀ jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí òbí ti lè gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ṣí lọ́la. Òbí tí kò ní Facebook, ìyá àgbà tí ó ń tọ́ ọmọ-ọmọ, afọ́jú tí ẹ̀rọ ń ka ọ̀rọ̀ fún tí kò sì lè ka àwòrán tí a kò kọ àlàyé sí, gbogbo wọn ń san owó orí kan náà. Ìpè tẹlifóònù ṣì ń ṣiṣẹ́, ìwé pélébé inú àpò ọmọ náà ṣì ń dé ilé.

Ní àwọn ẹkùn ẹ̀kọ́ kékeré, akọ̀wé kan ṣoṣo ni ó sábà ń ṣe gbogbo èyí, lẹ́yìn tí ó bá ti gba tẹlifóònù, tí ó sì ti ka iye ọmọ tí kò wá. Òun ni ó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Bí ó bá fẹ̀yìn tì láìfi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ojú ewé ìlú náà yóò wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò sì dì. Ó yẹ kí ènìyàn méjì, ó kéré tán, mọ ọ̀nà ibẹ̀, kí ẹnì kan tí kì í ṣe òun tí ó kọ̀wé sì ka gbogbo ìkéde kí ó tó jáde.